Omi Tí Mo Fi Sílẹ̀

Jọláadé se omi lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí mo máa lọ,
ó jẹ́ kó tutù, ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré,
ó fi ọ̀rá wé ìdérí rẹ̀, ó so ó mọ́ báàgì irin iṣẹ́ mi.
"Èyí ni kí o máa mu. Má mu omi olómi."
Mo ní mo gbọ́.
Ẹnu ni mo fi gbọ́.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń tún ṣe. Irin wúwo,
omi náà wúwo. Nígbà tí ọkọ̀ Ìsẹ́yìn já wa sílẹ̀ ní Láfẹ́nwá,
mo wo méjèèjì, mo gbé irin,
mo ti omi ìyàwó mi sábẹ́ ìjókòó
bí ẹni tó fi gbèsè sílẹ̀ sá lọ.

Òòrùn Abẹ́òkúta kì í ti òkè nìkan wá;
òkúta á gbé e mì, á bì í padà sí ẹni lẹ́sẹ̀.
Ní Ìtòkú, láàárín àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn,
mo tú ẹ̀rọ mẹ́rin palẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.
Ọ̀fun mi gbẹ.
Ọmọ kan ń kiri sóbò oníyìnyín,
pupa bí iyùn, ike rẹ̀ ń làágùn bí èmi náà.
Ta ló ń bi yìnyín léèrè ilé baba rẹ̀?
Mo mu ọ̀kan. Mo mu èkejì.
Ọwọ́ tí epo ẹ̀rọ bò ni mo fi bu gúgúrú sẹ́nu.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, inú mi ń han
bí ẹ̀rọ tí kò rí òróró láti ọdún mẹ́ta.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ka àtẹ̀gùn ilé Ìyá Ṣówándé lọ sí ṣáláńgá.
Ẹ̀ẹ̀keje, àtẹ̀gùn ló kà mí.

Jọláadé pè. "Ara ńkọ́?"
"Ó le bí Olúmọ."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Omi mi ńkọ́?"
Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù.

Láti ojú fèrèsé, òkúta náà dúró nínú òṣùpá.
Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ làwọn ará ibí sá sí nígbà ogun.
Mo ká jọ sórí ẹní, mo ń rò ó:
kò sí òkúta tó fẹ̀ tó láti fi ẹni pamọ́
fún ohun tí ẹni fúnra rẹ̀ gbé mì.

Ìyá Ṣówándé gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.
Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò bú mi.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi sókè,
ó ń wò ó bó ṣe ń lọ́ra padà.
"Kín lo mu?"
Mo kà á fún un.
"Kín lo fi sílẹ̀?"
Ìyẹn ni n kò lè dáhùn.

Lítà omi kan, tó ti hó, tó ti tutù.
Ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, ó fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba.
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí péré. Ó wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà.
"Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa mu ún.
Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá a jáde, tàbí ibà dé,
ọsibítù ni o, kì í ṣe èmi."
Mo tọ́ ọ wò. Ó dà bí omijé
tí ẹnì kan ṣàánú, tó fi ṣúgà sí.

Ọjọ́ kẹrin ni mo padà sí Ìtòkú, ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù.
Àwọn aránṣọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́
pé mò ń fọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí.
Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo jẹ. Sóbò kọjá, mo wo ilẹ̀.

Ní Láfẹ́nwá, dẹ́rẹ́bà náà rí mi, ó rẹ́rìn-ín.
"Bàbá, ẹ gbàgbé nǹkan."
Kẹ́ẹ̀gì náà rè é, ó kún, ọ̀rá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀,
ooru ọjọ́ márùn-ún ti sè é ní àsètúnsè.
N kò lè mu ún mọ́. N kò sì lè dà á nù.
Mo gbé e lé itan títí a fi ń wọ Ìsẹ́yìn.
Ó wúwo.
Mò ń wá irọ́ kan tó fúyẹ́ jù ú lọ.
N kò tíì rí i.