Téèpù

Lóṣù ààwẹ̀, mo dín yẹ̀rì mi kù ní ínǹṣì mẹ́ta.
Àyà mi ń sáré ju ẹsẹ̀ mi lórí máṣìn,
òógùn ń kán sórí léèsì oníléèsì.
Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo tú ojú rírán kan náà:
ohùn há, irun ń bọ́ sínú òòyà,
oorun ń gbé mi lọ́sàn-án gangan.

Wọ́n ní ìrònú ni. Ìyá Rálíátù ní oyún ni.
Oníkẹ́míìsì Ajàṣẹ́ fojú wò mí, ó ka oògùn sínú bébà,
mo sì mu ún,
èmi tí kì í gé aṣọ láì wọn oníbàárà!

N'Ílọrin, dókítà ní kí n yọ téèpù kúrò lọ́rùn,
kí n dá itọ́ mì.
Ìka rẹ̀ dúró síbi tí téèpù ń gbé.
Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀.
Hóró kan láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan oúnjẹ;
lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ká tún un wọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yí i padà.
Lọ́la, mo tún ń wọ ọkọ̀ Ìlọrin.
Yẹ̀rì náà ṣì wà lára ìṣó,
mo fi àyè sílẹ̀ létí rẹ̀.