Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ ní Ìjàyè

Òru ọ̀gbẹlẹ̀. Páànù ìpẹtà gbogbo ìlú ti tutù,
Olúmọ jókòó dúdú bí ẹni tó gbọ́ tí kò fèsì.
Orí dẹ́kìn ilé àbúrò bàbá mi la wà,
Ṣóbándé awọnlẹ̀, tó fi ogójì ọdún wọn ilẹ̀ onílẹ̀,
tó fẹ̀yìntì tán, tó ní ó ku ọ̀run tí òun kò tíì wọ̀n.

"Kọ ọ́ sílẹ̀." Mo tan tọ́ọ̀ṣì pupa sí ìwé.
"Méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ṣì bá ti apá ọ̀tún rẹ̀ dọ́gba."
Ìràwọ̀ tí a ń wò kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ;
méjì ni wọ́n, nínú ẹyọ kan tí ojú rí.
Ọ̀kan sanra, ó pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ;
ìkejì kéré, ó funfun, ó gbóná, olè ni.
Ó ń fa ara ẹnìkejì rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀,
ohun tó jí ń yí i lọ́rùn ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń jóná.
Ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, onínǹkan á kọjá níwájú olè,
á fi ẹ̀yìn ńlá dí i mọ́ wa lójú,
ìmọ́lẹ̀ á sì já wálẹ̀
bí korobá tí okùn rẹ̀ já sí kànga.

"Méjì kọjá mẹ́tàlá. Ó ti ń wọ̀..."
Ariwo sọ: "NẸ́PÀ!" láti Ìjàyè títí dé Aké.
Àwọn tí ooru lé síta pàtẹ́wọ́.
Gúlóòbù ara ògiri Ìyá Tinúọlá kọjú sí wa gbangba,
ọ̀run funfun bí omi ìfọṣọ.
Àwa méjì nìkan ló káwọ́ lérí ní àdúgbò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré!"
"Ṣé olè lẹ fẹ́ mú ni?"
"Olè ni, ìyá. Òkè ló wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá pamọ́,
a fẹ́ mọ aago tí yóò jáde."
Ó dákẹ́. Ó pòṣé. Ó pa iná.

Mo ti ka ìṣẹ́jú báyìí rí, lẹ́bàá ibùsùn ìyá mi,
n kò mọ ohun tí mò ń retí.
Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ti gbéra
kí ẹnikẹ́ni tó sá wá sùn sábẹ́ Olúmọ;
kò mọ̀ pé a ń dúró.

Méjì kọjá mọ́kànlélógún. Mo kọ ọ́: ó jáde.

"Ẹ ti mú un?" ni ohùn kan wí nínú òkùnkùn.
"A ò mú un. A kàn rí i.
Ó ń padà bọ̀ ní aago márùn-ún."
"Ìgbà yẹn, omi ni mo fẹ́ fà o,"
ló wí, ó sì tan iná rẹ̀ padà.