Igi Tí Kò Ní Pátákó

Ọgọ́ta igi la gbìn sí bèbè Ṣòkòrí lọ́dún yẹn.
Àwọn ọ̀gá wá láti Èkó, wọ́n wọ bàtà òjò tuntun;
ṣọ́bìrì ò tíì fẹnu kanlẹ̀ dáadáa
tí mànàmáná kámẹ́rà ti ń kọ.
Orúkọ báńkì gba iwájú pátákó,
igi gba ẹ̀yìn.
Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀.
Pátákó nìkan ló ta gbòǹgbò.

Mẹ́gádì ni mí. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí,
ṣùgbọ́n etí ò ní kọ́kọ́rọ́.
Mo gbọ́ lọ́jọ́ tí Olóyè Òkúbánjọ wá yáwó
ẹ̀rọ mẹ́ta, típà mẹ́wàá, àti dáínámáìtì
tí yóò fi fọ́ òkè ẹ̀yìn abúlé Ìdí-Ẹ̀mí.

Ìyáàfin Ṣógbèsan ò pariwo.
Ó ní, "Olóyè, abẹ́ òkúta làwọn bàbá wa sá sí.
Ìyá kan ń bẹ ní Ìdí-Ẹ̀mí,
ẹgbẹ̀rún méjì ló ń kó wá síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
Ṣé owó ẹ̀ ni kí n yá yín
kẹ́ ẹ fi la ògiri ilé ẹ̀?"

Olóyè rẹ́rìn-ín.
Ó ní òkúta kì í san èlé bí a ò bá fọ́ ọ.
Ó ní báńkì mélòó ló wà láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Ìbarà?

Òótọ́ ló sọ. Ó rówó náà níbòmíràn.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, aago méjì ọ̀sán,
gíláàsì báńkì wa gbọ̀n
bí eyín ẹni tí ibà ń ṣe.
Ìyá ẹlẹ́gbẹ̀rún méjì wá kó gbogbo owó ẹ̀,
ó fẹ́ fi ra sìmẹ́ǹtì.
Lóṣù kan náà ni létà dé:
Ìyáàfin Ṣógbèsan, ó di Gúsáù.

Mi ò mọ ẹni tó jàre, ìwé mi ò tó bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, ó pè mí sẹ́yìnkùlé,
níbi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí.
Ọmọ igi ọ̀gánwó kan ló wà níbẹ̀,
kò ga ju orúnkún lọ.
"Bàbá Rísì, ẹ bá mi ṣọ́ eléyìí náà."

Bí mo bá ti ilẹ̀kùn owó tán lálẹ́,
mo máa ń bu omi búùtà kan fún un.
Àná ni mo kà á: ewé mọ́kànlá.
Kòkòrò ti jẹ ọ̀kan létí.