Dúródèmí

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.
Èmi ti sọ ọ́ lórúkọ tán
kí n tó mọ̀ pé n óò wálé fún un.

Inú ọgbà ewúrẹ́ ni ìyá rẹ̀ bí i sí,
lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́,
lóru ọjọ́ tí ìjì ṣí páànù.
Àwọn mẹ́rin yòókù kú sínú ẹrẹ̀.
Òun nìkan ló rá dé abẹ́ ikùn ewúrẹ́ dúdú,
tó sì sùn síbẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé.

Láti ìgbà náà, kò gbà tán pé ajá lòun.
Bí ewúrẹ́ bá ń jẹ̀, á jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀,
imú rẹ̀ á máa ka afẹ́fẹ́.
Oṣù mẹ́sàn-án péré ni
lóru tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá wá kó mi lẹ́ran:
ó gba apá kan ṣòkòtò lára olè, kò gba ẹran ara rẹ̀.
Mo fi aṣọ náà ń nu ojú fìtílà.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ilẹ̀.
Wọ́n fi okùn pupa wọ̀n ọ́n,
ewúrẹ́ lọ sọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìjàpọ̀.
Ajá jókòó sínú ọgbà òfìfo,
ó ń ṣọ́ òórùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wálé.

Ọmọ́ṣùlé tó ń jó irin ní òun fẹ́ ẹ.
Ó fi ṣéènì hàn mí, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé.
Mo ní: kí ni yóò máa ṣọ́?
Ó ní: géètì.
Géètì kì í bímọ. Géètì kì í sọnù sígbó
kí ajá rí nǹkan wá kiri.

Tíṣà kan mú ọmọ mẹ́ta wá láti Òkè-Àró.
Wọ́n fún un ní bisikíìtì, wọ́n ju bọ́ọ̀lù.
Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo àwọn ọmọ,
ó dìde, ó dà wọ́n jọ sí igun ògiri,
ó dùbúlẹ̀ síwájú wọn.
Èyí tó kéré jù bú sẹ́kún.

Akíntómìdé wọkọ̀ láti Oǹdó.
Ó kí mi dáadáa, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀,
ṣùgbọ́n kò wo ojú ajá rárá;
ó fi àtàǹpàkò tẹ itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì
bí ẹni tó ń yan iṣu.
N kò bá a jà. Oúnjẹ ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni.
Mo kàn ní wọ́n ti mú un lọ,
nígbà tí ajá ọ̀hún jókòó sórí ẹsẹ̀ mi.

Ó tó oṣù kan kí Màmá Ọmọ́ladùn tó ránṣẹ́ láti Ìtaògbólú.
Àgùntàn mọ́kànlá, ọgbà ọparun, igbó lẹ́yìn rẹ̀.
Kò béèrè iye. Ó ní: "Ṣé ó máa ń sùn lóru?"
Mo ní rárá.
Ó ní: "Èmi náà kì í sùn."

Bí a ṣe débẹ̀ ni abo àgùntàn kan kàn án láyà.
Ó ṣubú, ó dìde, kò gbó.
Ó fà sẹ́yìn bí àlejò tó mọ̀wà,
ó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà,
ó kọ̀yìn sí wọn, ó kọjú sígbó.
Ó kọ̀yìn sí èmi náà.

Mo fi abọ́ rẹ̀ lé Màmá lọ́wọ́,
àti àkísà fìtílà, kí òórùn olè má baà sá lọ nímú rẹ̀.
Awakọ̀ ti ń fọn fèrè.
Ó ní: "Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo sọ ọ́. Ẹnu mi wúwo.
Mo ní: "Ẹ wá òmíràn fún un, ẹ jọ̀ọ́,
kí ó má baà dúró dè mí."