Ọbajémú Ń Ka Ọ̀pẹ

Nígbà tí wọ́n dá a padà wálé láti ọsibítù Kábbà,
èmi ni mo gba igbà rẹ̀, tí mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo ní, "Jókòó. Ọkàn tó ti rẹ̀ kì í gun ọ̀pẹ."
Mo gba ọkọ́, mo gba ìgbálẹ̀,
mo gba ife omi pàápàá lọ́wọ́ rẹ̀
kó má baà wúwo jù fún un.
Ìfẹ́ ni mo pè é.

Oṣù mẹ́ta, itan rẹ̀ joro bí iṣu èṣí.
Ẹsẹ̀ tó mọ gbogbo ọ̀pẹ Ògìdì lórúkọ
kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.
Bí ará àdúgbò bá ń kọjá, tí wọ́n ní "Okun o, Bàbá,"
orí àga ni yóò ti dáhùn,
ohùn rẹ̀ bí omi ìsàlẹ̀ àmù.

Dúnmádé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí í tọ́jú iṣan ní Kábbà,
kò bá mi jà.
Ó fọwọ́ kan itan ọkọ mi, ó wò mí:
"Ìyá, ọkàn kì í dá ṣiṣẹ́.
Ẹsẹ̀ ni aláàárù rẹ̀.
Ẹ ti lé àwọn aláàárù lọ,
ẹ wá di gbogbo ẹrù lé òun nìkan lórí."
Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi rí àpáta Ògìdì lókèèrè.

Kùtù àárọ̀ ọjọ́ kejì,
a gbé àga onígi síta, èyí tí kò lápá.
Dìde, jókòó, bí Dúnmádé ṣe wí:
bí o bá lè sọ̀rọ̀, máa bá a lọ;
bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu rẹ, sinmi;
bí àyà bá fún ọ, dúró, ká pè wọ́n.

Ọkọ mi kọ̀, kò ní ka ení, èjì.
Ó ní ọmọ ilé-ìwé ni í ka ení, èjì.
Ó dìde: "Ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé Arúlógun."
Ó jókòó. Ó mí.
Ó dìde: "Èyí tí ejò ti lé mi sọ̀kalẹ̀."
Ó jókòó.
"Ọ̀pẹ etí odò, tí emu rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa."
Mo ní irọ́ ni, ẹnu àbúrò rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti dìde.
Ọ̀pẹ mẹ́rin péré lọ́jọ́ náà,
ó sì làágùn bí ẹni tó gun ogójì.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò ka ìkankan.
Ẹsẹ̀ wú, a padà sí Kábbà, wọ́n yí oògùn.
Mo dé ilé, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, igbà ń wò mí.
Èmi fúnra mi ni mo já a bọ́.
Mo so ó mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Gbà. Fà á."
Ó dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́ mú.
Òpó kò mì.
Èjìká rẹ̀ ló rántí.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ara mi,
bí mo ṣe ń fọwọ́ ti orúnkún kí n tó dìde nídìí òfì.
Ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tèmi?
Mo gbé àga kejì síta.
Aṣọ ni èmi ń kà:
èyí tí mo fi sìnkú ìyá mi,
èyí tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀ dòní.

Ọ̀pẹ rẹ̀ ti di mẹ́rìndínlógún báyìí.
Kò gun ọ̀kan nínú wọn, kò sì ní gùn mọ́;
ọmọ Bámigbádé ló ń gùn wọ́n.
Lánàá ọmọ náà ń kọjá, agbè lórí èjìká.
"Okun o, Bàbá!"
Mo rí ọwọ́ ọkọ mi tó kúrò lórí itan.
Ó dìde, kò ka nǹkan kan.
Ó gba agbè, ó gbé e sókè díẹ̀
bí ẹni ń wọn ẹrù kó tó rà á.
"Okun," ló wí.
Ó gbóòórùn rẹ̀, kò mu.
"Èyí ti kan. Ọ̀pẹ wo ni?"