Ìgò Márùn-ún

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Kúbúwà,
mo to ìgò márùn-ún sójú fèrèsé:
óòtì ṣíbí mẹ́rin-mẹ́rin,
nọ́nò Hàlímà tó kan díẹ̀,
dàbínò tí mo ti yọ kóró rẹ̀.
Iná lọ. Kó máa lọ,
ọyẹ́ ti dé,
fèrèsé mi tutù ju fíríìjì.

Bàbá ọkọ mi yọjú:
“Oúnjẹ tí kò fojú kan iná!
Ṣé adìẹ lo fẹ́ bọ́ ni?”
Mo rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì Wúsè
kì í dúró de ẹni tó ń dáná.

Ọjọ́rú, mo ka ìgò: ó ku méjì
níbi tó yẹ kó ku mẹ́ta.
Bàbá ń gbàdúrà òwúrọ̀,
dàbínò kan lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n wọn.

N kò bèèrè.
Àìkú tó tẹ̀lé e, mo to mẹ́wàá.