Ìṣísẹ̀ Mẹ́rìnlélógún

Rélùwéè kò kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí.
Ẹ jẹ́ n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkan má baà já mi níyàn:
irin gba Ọ̀fà kọjá, ó fi wá sílẹ̀ lápá òsì.
Ṣùgbọ́n àwa náà ní Téṣàn.
Téṣàn la pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ̀lẹ́kájà onípákó
ló ń dúró níbẹ̀, tó ń kó èrò lọ bá ojú irin.

Bàbá mi ń kan àpótí páànù.
Á fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún,
á ya ẹyẹ kan sí ìdérí rẹ̀,
ẹyẹ kan náà lórí gbogbo àpótí,
torí ẹyẹ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n yà.
Ẹni tó ń lọ Jọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ẹni tó ń lọ Kùmásì, ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ìyàwó tuntun tí ọkọ ránṣẹ́ sí láti Tàmálè,
tí kò mọ̀ ju Ìjẹ̀rù àti odò tó ti ń pọnmi,
ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń ti àgádágodo.

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa,
láti ìdí máńgòrò dé ojú tíkẹ́ẹ̀tì.
Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Mo ń kà á lójoojúmọ́.
Ẹni tó bá rẹrù, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ̀ ọ́.
Ó ń run kẹrosíìnì, ó ń run búrẹ́dì Àwẹ̀ró,
ó ń run omi kíkan tí Díẹ̀kọ́lá fi ń fọ fọ́tò.
Díẹ̀kọ́lá ya òkun sára aṣọ, ó ta á mọ́ ògiri;
ọ̀pọ̀ wa kò rí òkun rí,
àmọ́ gbogbo wa la ti dúró létí rẹ̀.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Làsísì akọ̀wé-lẹ́tà
ti sọ “g” rẹ̀ nù. Kálàmù ló fi ń kọ ọ́ kún un,
“g” kọ̀ọ̀kan, títí lẹ́tà yóò fi parí.
Ti onítíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ nìkan la mọ̀:
ọwọ́ olórùka fàdákà, nínú fèrèsé kékeré,
tó ń ka kọ́bọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀gúsí.
Bó bá kú, n kò mọ ojú tí mo fẹ́ sunkún rẹ̀.

Lọ́dún tí wọ́n ní kí àlejò kúrò ní Gánà,
òru ni àwọn ọkọ̀ ń dé.
Bàbá mi gbé àtùpà jáde.
Kò wo ojú ènìyàn. Ẹyẹ ló ń wò.
Èyí ti dípẹtà. Èyí kò lórí mọ́.
Èyí, okùn ni wọ́n fi dì í.
Ìyàwó ará Ìjẹ̀rù sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.
“Àpótí yín ńkọ́?” ni bàbá mi bi í.
Ó ní ọ̀nà jìn, ọmọ kò lè dúró dé ilé.
Ó ní àpótí ló sún mọ́ ọwọ́ àwọn.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò ya ẹyẹ mọ́.
Ó ń kun ewé lásán.

Lánàá, mo wá ìdí máńgòrò lọ. Kùkùté ló kù.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹsẹ̀ mi ti gùn:
mẹ́rìnlá péré, mo ti bá ara mi nílé epo,
níwájú ẹ̀rọ kẹta, tí kò ṣiṣẹ́.
Ọmọkùnrin tó ń ta epo ní, “Bàbá, kí lẹ ń wá?”
Mo ní, “Ọ̀nà.”
Ó nawọ́ sí títì márosẹ̀.
Ó ní, “Ọ̀nà rèé.”
Kò purọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Àárín ẹ̀rọ kẹta àti ẹ̀kẹrin fẹ̀ tó láti gba ọkọ̀,
síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi kọjá,
bí ẹni tó gbé àpótí lérí.